Ọ̀pá ìpẹja tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Texas ń dà mí láàmú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹléyẹlé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń sú mi. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá ìpẹja àti páálí ìdẹ oníke ránṣẹ́ sí mi láti Texas. Oṣù mẹ́ta ló fi wà lójú omi. Owó tí mo san kí wọ́n tó gbé e fún mi l'Ékòó, mi ò lè sọ ọ́ létí ìyàwó mi. Òmíì nínú ìdẹ náà jọ ẹja kékeré, òmíì jọ ekòló. Òun ni wọ́n fi ń mú ẹja bass lọ́hùn-ún. Sátidé mẹ́rin ni mo ti lọ sí Àṣejíre, mi ò mú ẹyọ kan. Tí mo bá jù ú, kì í lọ jìnnà. Ẹja méjì tó gbé e já bọ́. Àwọn ọmọdé tó ń fi ọparun pẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń kó ẹpìà sínú ike! Ṣé ọ̀pá ni kí n pààrọ̀ ni, àbí ìdẹ?

Bàbá Oníwọ̀: Ọmọ mi, bass kò sí lódò wa. Àrọ̀, ẹpìà, ọ̀bọ̀kún la mọ̀. Irùngbọ̀n àrọ̀ ló fi ń wá oúnjẹ, òórùn ló ń tẹ̀ lé. Wa ekòló gidi. Ẹléyẹlé tí wọ́n dí ní 1942, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi, kí koríko tó bo ojú omi.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ó dáa kéèyàn máa fi owó pamọ́ fún ìyàwó ilé? Lọ sọ fún un.

Apẹja Mọ́níyà: Kí ni wọ́n kọ sára ọ̀pá, lókè ibi tí a ń dì mú? Okùn wo ló wà lórí rẹ̀? Ọ̀pá kan kì í bá gbogbo ìdẹ mu. Èyí tó jọ ẹja, tó ní ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ọ̀pá tó ń tẹ̀ dé àárín ló fẹ́. Ìwọ̀ yẹn kéré, tí ọ̀pá bá le, yóò ya ẹnu ẹja ni. Èyí tó jọ ekòló, ìwọ̀ rẹ̀ nípọn, inú ike ló fara pamọ́ sí kí koríko má bàa mú un. Ìyẹn ló nílò ọ̀pá líle tó ń tẹ̀ ní ṣóńṣó nìkan, kí ìwọ̀ lè wọlé.

Ọmọ Ẹléyẹlé: Ọ̀pá olówó iyebíye ni o. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń pẹja tipẹ́, kò lè fún mi ní gbàrọgùdù.

Bàbá Oníwọ̀: Ẹ fi gbogbo àlàyé yẹn sílẹ̀. Ekòló ni mo wí.

Apẹja Mọ́níyà: Bàbá, ẹ má bínú, ọparun lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè mi ni kò tíì dáhùn. Kí ni wọ́n kọ?

Ọmọ Ẹléyẹlé: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná wò ó. “Surf”, ẹsẹ̀ 10, 2–6 oz (áùnsì). Okùn braid, èyí tí wọ́n hun, ló wà lórí rẹ̀. Ara ìdẹ, 1/4 oz. Mo wá rántí, ẹ̀gbọ́n mi ní etí òkun ní Galveston lòun ti ń lo ọ̀pá yẹn.

Apẹja Mọ́níyà: Háà! Ọ̀pá òkun ni! Ìwúwo ìdẹ tí ọ̀pá lè jù ni 2–6 oz yẹn. 2 oz tó gíráàmù 56, ìdẹ tìrẹ ò ju 7 lọ. Kò lè tẹ ọ̀pá yẹn, báwo ni yóò ṣe fò? Braid kì í fà bíi náílọ́ọ̀nù, òun àti ọ̀pá líle ló ń fa ìwọ̀ yọ. Wá ọ̀pá “medium”, tí kò le jù, tí kò rọ̀ jù, ẹsẹ̀ 6 àbọ̀ sí 7, tí 1/4 oz wà nínú ohun tí wọ́n kọ sí i. Fi náílọ́ọ̀nù sí i fún ìdẹ tó jọ ẹja.

Ọmọ Ẹléyẹlé: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ta ló ní irú rẹ̀ n'Ìbàdàn, ká ṣe pààrọ̀?

Bàbá Oníwọ̀: Ọparun mi kan wà nílẹ̀. Wá mú un kí Sátidé tó pé, kí o sì wa ekòló dání.