Ẹ dákun, ibo ni mo lè gbé màmá mi lọ fún ẹ̀jẹ̀ ríru l'Abẹ́òkúta?

Àdùkẹ́_Ìtòkò: Ẹ kú alẹ́ o. Kẹ́míìsì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru màmá mi nírọ̀lẹ́ yìí, 180/110 ló gbé jáde. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ibo ló dáa? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: FMC Ìdí-Àbà tààrà, ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ yẹn. Ẹ jí lọ o, èrò máa ń pọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì: Àdùkẹ́, o ò sọ ọjọ́ orí màmá, o ò sì sọ bóyá wọ́n ti ń lo oògùn. Ṣé àyà ń dùn wọ́n? Ṣé ojú ń ṣú wọn, àbí apá kan ara wọn ń kú? Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ọsibítù ńlá lálẹ́ yìí. Bí kò bá sí, héẹ̀tì sẹ́ńtà, ilé ìwòsàn kékeré ti ìjọba, tó sún mọ́ yín láàárọ̀ ọ̀la. Láti 2020 ni wọ́n ti gbé ètò ẹ̀jẹ̀ ríru wọ àwọn héẹ̀tì sẹ́ńtà ní Ògùn àti Kánò. Oògùn kan tó ń jẹ́ amlodipine ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, wọ́n á fi òmíràn kún un.

Bàbá_Ìbejì: Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ héẹ̀tì sẹ́ńtà kí n dákẹ́. Ọ̀kan ni bàbá mi ń lọ. Wọ́n á gun òkè débẹ̀, èémí wọn ò tíì balẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á di ẹ̀rọ mọ́ apá wọn lórí bùbá, wọ́n á kọ nọ́ńbà. Ìgbà mẹ́ta tẹ̀ léra ni wọ́n ní oògùn ti tán. Bàbá wá rò pé ara òun ti yá ni wọn ò ṣe fún òun. Rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi. Títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò gbé ṣíbí.

Ìyá_Ṣadé: Háà! Ọlọ́run á wò wọ́n sàn. Àdùkẹ́, má gbé màmá lọ síbẹ̀ o.

Ọmọ_Ẹ̀gbá: Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì: Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín dùn mí wọra. Ó yẹ kí wọ́n kọ oògùn náà sí ìwé kí ẹ rà á níta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tò sórí ìlà ọsibítù ńlá lóṣooṣù? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá_Ìbejì: Ẹ má gbè wọ́n lẹ́yìn, mà. Bàbá mi ló wà lórí ẹní.

Ewé_Ńjẹ́: Aáyù àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Fẹ̀yìntì: Kí wọ́n jẹ aáyù nínú ọbẹ̀, kí wọ́n dín iyọ̀ àti magí kù. Aáyù ò lè rọ́pò oògùn.

Túndé_London: Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè, ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́. Ó ti wà nílé ìyá mi, mo máa ń pè láti ibí láti bi wọ́n nọ́ńbà.

Ìyá_Ṣadé: Túndé, ibi tí wọ́n á lọ ló béèrè.

Àdùkẹ́_Ìtòkò: Ẹ ṣé gan-an. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, àyà ò dùn wọ́n, wọn ò lo oògùn rí. Ìdí-Àbà ni mo múra sí, màmá ní ibi tí òun lè fẹsẹ̀ rìn dé kí òun tó lọ sọ́jà lòun ń lọ. Héẹ̀tì sẹ́ńtà ẹ̀yìn ilé wa la lọ láàárọ̀ yìí. Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní kí wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, ó ká apá bùbá wọn sókè. 168/100. Ó tún un wọ̀n, 164/98. Amlodipine 5 mg, hóró kan lójúmọ́, ó kọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ sórí káàdì: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n hóró mẹ́rìnlá péré ni wọ́n ní nílẹ̀ láti fún wa. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rà á ní Kútọ̀?

Bàbá_Ìbejì: Mi ò bínú. Kẹ́míìsì tí apoògùn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ẹ lọ lọ́la. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ku hóró méjì.