"Ìkọmànà oòrùn" yàtọ̀ sí "èébì oòrùn"

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé, nínú àsọtẹ́lẹ̀ tí a ń kọ ní Yorùbá, ká fi "ìbúgbàù oòrùn" pe gbogbo ohun tó ń ṣẹ́ yọ lára oòrùn, tó lè mú ìmọ́lẹ̀ àríwá tàbí ti gúúsù wá, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ mèremère tó ń hàn lójú ọ̀run lálẹ́ (aurora). N kò fara mọ́ ọn. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan (solar flare lédè Gẹ̀ẹ́sì) jẹ́ ìtànṣán lásán, nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 ló fi ń dé ọ̀dọ̀ wa. Èkejì (coronal mass ejection) ní ìwúwo: bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù gáàsì gbígbóná janjan tó gbé òòfà dání, tó sábà máa ń rìn fún ọjọ́ 1 sí 3. Èkejì yìí là ń retí. Ẹni tó gbọ́ "ìbúgbàù" láàárọ̀ tó sáré jáde lálẹ́ ọjọ́ náà, ìràwọ̀ nìkan ló lè bá. Nígbà mìíràn, oòrùn á kọ mànà gan-an, kò sì ní bì nǹkan kan. Tàbí kó bì í sí ibi tí ayé kò sí.

Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní "ìkọmànà oòrùn", ká pe èkejì ní "èébì oòrùn". Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà "èébì" ń ríni lára. Kó máa ríni lára. Ó kúkú fi hàn pé nǹkan kúrò nínú, ó sì lọ bà síbòmíràn.

"Gúúsù", tí wọ́n fi ń sọ ibi tí òòfà inú èébì náà kọjú sí, gan-an ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn sátẹ́láìtì bíi ACE dúró ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà sí ayé, lápá ibi tí oòrùn wà, wọ́n ń wọn òòfà tó ń bọ̀. Bó bá kọjú sí àríwá, òòfà ayé á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bó bá kọjú sí gúúsù, tó dúró bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, bóyá ní −10 nT (nanotesla, ìwọ̀n agbára òòfà; àmì − ló ń fi hàn pé gúúsù ló kọjú sí), ilẹ̀kùn ṣí nìyẹn. Àwọn òǹkàwé wá ń rò pé gúúsù ayé nìkan ni ìmọ́lẹ̀ yóò ti hàn, nígbà tó jẹ́ pé ìhà méjèèjì ló máa ń tàn sí. "Òòfà dorí kodò" ni kí a máa kọ.

"Afẹ́fẹ́ oòrùn" (solar wind), ìyẹn gáàsì tó ń ṣàn jáde lára oòrùn, kò yọ mí lẹ́nu. A kì í mí i sínú, àmọ́ ó ń fẹ́. Bó bá ń sáré 500 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 50 ló kù kó ti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí àsọtẹ́lẹ̀ náà yóò ṣe kà nìyí: "Oòrùn bì lánàá, ayé sì wà lójú ọ̀nà. Ó ṣeé ṣe kí èébì náà dé lọ́la. Bí òòfà rẹ̀ bá dorí kodò, ẹ jáde."