Báwo lẹ ṣe ń rántí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ́jà?

Ìyá Ìbejì Mọ̀lípà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A pọ̀ nílé, ọmọ mẹ́rin, ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, tíṣà ni mí, bàbá wọn ń ti Èkó wálé ní alẹ́ Fráídè, torí náà Sátidé nìkan ni mo máa ń ráyè lọ sí ọjà Òkè Àjẹ ní Ìjẹ̀bú Òde níbí. Gbogbo ilé ló ń rán mi níṣẹ́. Ọ̀kan á sọ fún mi lórí ìdúró ní Mọ́ńdè pé ọṣẹ ti ń tán, màmá á ní iyọ̀ kù díẹ̀, èyí àbúrò á ní àwọn ò ní bírò mọ́, kálukú ti sọ tiẹ̀ ó ti bá tiẹ̀ lọ. Tí mo bá wá dé ọjà, ọmọlanke ń bọ̀ lẹ́yìn, oníṣu ń pè mí pé kí n wá wo ewùrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, kí n tó mọ̀ mo ti délé, a fẹ́ gbé ìkọ́kọrẹ́ kaná, kò sí edé. Ìkọ́kọrẹ́ láìsí edé! Ìyá ọkọ mi kì í bínú o, wọ́n kàn máa fọwọ́ lẹ́rán ni, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ilé yín kún bíi tèmi, kí lẹ̀ ń ṣe sí i?

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ ilé mà. Ẹ má dúró di àárọ̀ Sátidé kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan, ibẹ̀ ló ti ń bà jẹ́. Ẹ so ìwé ẹ́kísáìsì kan mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ẹ so bírò mọ́ ọn lókùn, tẹ́ ẹ ò bá so ó àwọn ọmọ á gbé e lọ síkùúlù. Ẹni tó bá bu gàrí tó rí i pé ó ti fẹ́ kan ìdí ike, òun ni kó kọ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó má dúró dìgbà tó bá tán. Èyí tó kéré jù nílé mi ò tíì mọ̀wé kọ, ó máa ń ya àwòrán ìṣáná, a sì mọ̀ ọ́n kà. Àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ tán pátápátá o. Tí wọ́n bá kọ “ata”, ata wo? Rodo ni àbí tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀ àbí ata gígún? Tí wọ́n bá kọ “gàrí”, kí wọ́n kọ Ìjẹ̀bú mọ́ ọn, kí wọ́n kọ iye kóńgò, torí tọ́jọ́ kan bá jẹ́ pé ẹlòmíì lẹ rán, gàrí pupa ló máa gbé wálé.

Bọ̀dá Ṣàgámù:
Èmi ni mò ń nájà nílé wa torí ìyàwó mi ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọjà Awólọ́wọ̀ ni mò ń ná. Ó máa ń fi lísìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmọ́ mi ò kì í mú un lọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń tún un kọ sórí pépà bí àwọn ìsọ̀ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, kí n má baà lọ kí n tún padà lọ síbì kan náà. Gàrí, ìrẹsì àti epo ni mo máa ń kọ́kọ́ rà, màá fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà mi kan, tòmátò ló máa wà lókè pátápátá kó má baà fọ́, ẹja tútù ló gbẹ̀yìn kí yìnyín ẹ̀ má baà yọ́ kí n tó délé. Mo sì máa ń fi bírò fa ilà lé èyí tí mo bá ti rà. Fóònù yẹn, ẹ fi sápò inú, ẹ má máa yọ ọ́ láàárín èrò.

Màmá Ìpẹru:
Ọmọ mi, ojú mi ò gbé ìwé mọ́, síbẹ̀ ọjà mi ń pé. Ìkòkò ni mo fi ń kà á. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, màá jókòó, màá bi ara mi pé kí la ó sè ní Sọ́ńdè, kí la ó sè ní Mọ́ńdè, màá máa lọ bẹ́ẹ̀. Ká ní ìkọ́kọrẹ́ ni, màá sè é lọ́kàn mi látìbẹ̀rẹ̀: mo rin ewùrà, kí ló tún kù? Epo, ata, irú, edé, ẹja gbígbẹ, iyọ̀. O ò lè gbàgbé edé tó o bá ti sè é lọ́kàn débi tó o ti ń dà á sí i. Ọṣẹ, ìṣáná àti gáàsì tí kì í wọ inú ìkòkò, ìyẹn ni kí àwọn ọmọ máa kọ sínú ìwé tí Àbẹ̀kẹ́ wí yẹn.

Ìyá Ìbejì Mọ̀lípà:
Ẹ ṣé gan-an mà, Olódùmarè á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti ní kí ọmọ mi wá okùn sí ìwé. Ìgbà Iléyá ńkọ́, tí gbogbo ẹbí bá ya wálé fún Ojúde Ọba?

Àbẹ̀kẹ́ Ìjẹ̀bú Igbó:
Ìyẹn, ẹ ya ojú ewé tiẹ̀ sọ́tọ̀ mà. Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn àlejò ti máa wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọjà á sì ti gbówó lórí. Ẹ ti máa ra ìrẹsì, epo, èlùbọ́ àti gàrí díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ látoṣù tó ṣáájú, kó wá ku ata, tòmátò àti àlùbọ́sà nìkan tẹ́ ẹ máa sáré rà nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì.