Níbo ni kí n gbé tánkì prẹ́ṣọ̀ sí: ẹ̀gbẹ́ kànga ni àbí inú ilé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ omi dáadáa. Ilé àwọn òbí mi ní Ìbàdàn ni. Kànga tí sumo (ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde) wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bíi 40 mítà sí ilé ìdáná. Ìyá mi ò lè máa gun àkàbà lọ wo tánkì òkè mọ́, wọ́n sì ti jìyà omi tó.

Plọ́ńbà ní kí switch prẹ́ṣọ̀ (tó ń wo agbára omi láti fi tan sumo tàbí pa á) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, kí tánkì prẹ́ṣọ̀ (tó ń fi afẹ́fẹ́ ti omi jáde) wà nínú ilé. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i rárá. Agbára omi máa ń dínkù bó ṣe ń gba inú páìpù gígùn kọjá, nítorí náà switch tó jìnnà á rò pé tánkì ti kún, á pa sumo, á tún tan án, àtúntàn àtúnpa, títí mọ́tò á fi jóná. Mo fẹ́ kí méjèèjì wà pọ̀ nínú ilé, láìsí fáàfù kankan láàárín wọn. 30/50 psi (ìwọ̀n agbára omi tàbí afẹ́fẹ́) ni switch náà: á tan sumo ní 30, á pa á ní 50. Afẹ́fẹ́ 28 psi ni màá fi sí tánkì kí omi tó wọ̀ ọ́.

Wáyà tó máa padà lọ bá kànga ló kù tí mò ń rò. Báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó fún sumo 1HP? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀.