Plánà ò san ìyókù owó wa, ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ mi

Onígìtá_Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ mi. Ìsìnkú kan ni wọ́n pè wá sí lápá Ìkọ̀lé lóṣù tó kọjá, àwa méje pẹ̀lú ẹni tó wa bọ́ọ̀sì. A kọ àgírímẹ́ǹtì o, a sáìn ín, ₦250,000, wọ́n san ₦60,000 sílẹ̀, ìyókù di ìgbà tá a bá ṣeré tán. A ṣeré láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mọ́kànlá alẹ́, ìgbà tí mo wá béèrè owó, plánà, ìyẹn ẹni tó bá ẹbí ṣètò òde náà, ní ẹbí ò tíì fún òun, ẹbí ní àwọn ti san án fún un tipẹ́. Kò gbé ìpè mi mọ́ báyìí. Ṣé kí n gbé ìwé yìí lọ kóòtù ni àbí kí n gba kámú?

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀_Adó:
Pẹ̀lẹ́ ọ̀gá mi. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé yẹn? Tó bá jẹ́ plánà nìkan ló sáìn ín lórúkọ ara ẹ̀, òun lẹ máa dì mú o, ẹbí á ní àwọn ò bá yín ṣàdéhùn. Ẹ sì ṣírò ẹ̀, ₦190,000 lẹ ń lé, lọ́yà á gbà níbẹ̀, owó ọkọ̀ á gbà níbẹ̀, gbogbo ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi jókòó ní kóòtù kò sóde. Ní Èkó wọ́n ti ní kóòtù fún gbèsè kékeré láti 2018, tí ò bá ti ju mílíọ̀nù 5 lọ, lẹ́tà tó ń béèrè owó ló sì máa ń ṣáájú. Ẹ̀yin náà ẹ kọ lẹ́tà yẹn ná, kẹ́ ẹ wá lọ bá rẹjísírà, akọ̀wé àgbà kóòtù Májísíréètì.

Olóhùn_Iyọ̀:
Hmm. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gba ₦60,000 nínú ₦250,000 kó tó kúrò nílé? Èmi, ìdajì ni kí n tó di ẹrù, ìyókù kí n tó gun sitéèjì, torí tí mo bá ti kọrin tán kí ni mo tún fẹ́ fi dì wọ́n mú? Ìgbà mìíràn olóyè ìlú ló ń jẹ wá lówó, ẹ fẹ́ gbé e lọ kóòtù kẹ́ ẹ tún padà wá kọrin níbẹ̀ nígbà Kérésì? Ohun tí mo ń fi ìwé ṣe ni ta ló máa ra epo jẹnẹrétọ̀, aago mélòó la máa dáwọ́ dúró, àti owó tí wọ́n bá ná fún wa. Plánà kan ti ka owó táwọn èèyàn ná fún mi mọ́ owó iṣẹ́ mi rí, ó ní ṣebí mo ti gbowó. Látọjọ́ yẹn mo ń kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà.

Onígìtá_Ìkẹ́rẹ́:
Plánà nìkan ló sáìn ín lóòótọ́. Máa kọ lẹ́tà yẹn. Àmọ́ ẹni tó ń lu gángan fún mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, èmi ni mo pè é sóde, kò mọ plánà kankan rí.