Ẹ̀fọn márùn-ún mi ní ìlà méjì nínú PCR: ṣé àdàlù ni, àbí èmi ni mo ṣe é?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri. Mo bu tanwíjí nínú omi òjò tó dúró lẹ́bàá Abẹ́òkúta, mo sìn wọ́n títí wọ́n fi di ẹ̀fọn. Lábẹ́ máíkíróskóòpù, àmì wẹ́wẹ́ wà lẹ́sẹ̀ wọn, nítorí náà mo mọ̀ pé ìdílé Anopheles gambiae ni wọ́n. Ojú ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: méjì nínú àwọn ẹ̀yà ìdílé náà, An. gambiae àti An. coluzzii, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ tirẹ̀ lọ́dún 2013, jọra bí ìbejì. DNA ló lè yà wọ́n.

Mo lo PCR, àyẹ̀wò tó ń sọ ègé DNA kan di púpọ̀ kí a lè rí i bí ìlà; ègé tí wọ́n ń pè ní SINE200 ni tèmi ń wò. Ìlà tó gùn tó lẹ́tà DNA 479 ni ti coluzzii, 249 ni ti gambiae. Nínú abo 40, márùn-ún gbé ìlà méjèèjì jáde!

Ọ̀gá mi ní kí n kọ ọ́ pé àdàlù ni wọ́n, ìyẹn ọmọ tí ẹ̀yà méjèèjì jọ bí. Ọkàn mi ò gbà á. Odindi ẹ̀fọn ni mo lọ̀, inú àgò kan náà sì ni takọtabo ti dàgbà. Ṣé kì í ṣe àtọ̀ akọ tó wà nínú abo ni mo ń rí?

Mo ṣì ní ẹ̀fọn 60 tí mo fi silica gel (èròjà wẹ́wẹ́ tó ń fa omi) gbẹ. Tí mo bá lo ẹsẹ̀ nìkan, ẹsẹ̀ mélòó lára ẹ̀fọn kan ló máa tó? Ta ló ti ṣe é rí?