Àwòrán Waterloo tí mo fẹ́ tẹ̀ sára irin: ibi tí mo bá a dé

Ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín níjọ́sí bóyá kí n tẹ “Scotland Forever!”, àwòrán àwọn ológun ẹlẹ́ṣin Scotland lójú ogun Waterloo ti 1815, tí Elizabeth Thompson yà ní 1881, sára páànù alumíníọ̀mù lásán àbí èyí tí wọ́n kùn ní funfun. Funfun ni mo mú. Ẹṣin aláwọ̀ eérú ló kún inú àwòrán náà. Láìsí funfun lábẹ́, irin ni ìbá hàn níbi tó yẹ kí ara wọn ti mọ́lẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń já bọ̀ lójúkojú, ẹ̀wù pupa ń tàn, idà wà lókè! Orí mi wú. Páànù tí ojú rẹ̀ kì í kọ mànà ni mo yàn, kí títàn iná ilé má baà bo ojú àwọn ọmọ ogun. Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ bùṣe.